Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́, láti Múṣin títí dé Kétu, pàápàá jù lọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí Ọwọ́dé Onírin. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn. Toyota ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù nítorí òun ló pọ̀ jù lójú títì wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀ fún ọkọ̀ míì, mo sọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọkọ̀ mi ti gbóná kọjá bó ṣe yẹ?

Ẹ má rò pé ẹ́ńjìnnì tó dáa gbọ́dọ̀ tutù. Ó ní láti gbóná kó tó lè jó epo dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn ní Èkó máa ń wà láàárín 85°C sí 98°C, abẹ́rẹ́ géèjì á sì dúró sí àárín tàbí kó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀. Tó bá ti kọjá 105°C, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ẹ máa páàkì sí. Tó bá ti ń lọ sí 115°C, ẹ má wakọ̀ náà mọ́.

Géèjì inú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tètè sọ̀rọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, wọ́n dìídì ṣe é kí abẹ́rẹ́ dúró sójú kan bí omi tilẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, kó má baà máa já awakọ̀ láyà. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i kó gbéra, nǹkan ti ń bàjẹ́ lábẹ́nú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 síwájú ní ojú OBD2 (ihò tí a ń ki skánà sí) lábẹ́ sítíárì. Skánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa Bluetooth lè fi iye ooru omi hàn yín gan-an. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò ra ọ̀kan, mo rò pé owó tó yẹ kó kọ́kọ́ ná ni kò tíì ná yẹn.

Kí ni kí n ṣe tí géèjì bá gòkè nígbà tí mo wà lójú títì?

Ẹ kọ́kọ́ pa AC. Tí hítà ọkọ̀ yín bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí i dé òpin kó máa fẹ́ gidi. Rédíétọ̀ kékeré kejì ni hítà jẹ́, ó máa gba díẹ̀ lára ooru náà. Ẹ páàkì síbi tí kò léwu, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jókòó. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 45 kó tó ṣe é fọwọ́ kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ọmọrí rédíétọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 110°C láìtíì hó, nítorí présọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń ṣí i báyìí, oru ló máa dì, ojú yín ló sì máa bọ̀. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí àyà àti ọwọ́ rẹ̀ bó nítorí ọmọrí kan ṣoṣo. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná lórí. Alumíníọ̀mù lè sán.

Ẹ̀yin tó ń gba Third Mainland lójoojúmọ́, afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí ibi ìsinmi lórí rẹ̀. Tí géèjì bá ti ń ṣe ségesège ní Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí, ẹ má gùn ún. Ẹ yà síbẹ̀, kó tutù.

Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì tí mo rà ni kò dáa, kí n lọ dá a padà. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ro ó wò: ẹ́ńjìnnì ni ẹ pààrọ̀, rédíétọ̀ àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Fáànù àtijọ́ ni, họ́ọ̀sì àtijọ́ ni, ọmọrí àtijọ́ ni. Tó bá sì jẹ́ pé gbígbóná ló pa ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, ohun tó pa á ṣì wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń dúró de èyí tuntun.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọ Ládípọ̀ lọ bá olùtà jà, ẹ yẹ àwọn nǹkan tó yí ẹ́ńjìnnì ká wò. Àmọ́ ẹ má fi falẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ olùtà máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti dán ẹ́ńjìnnì wò, wọn kì í sì í gbà á padà tí wọ́n bá rí i pé ó ti hó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì (èdídí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù sìlíńdà àti búlọ́ọ̀kù) tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Omi kún rédíétọ̀ dáadáa, síbẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi gbóná. Kí ló fà á?

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì wọlé ni, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀ títí dìgbà tí ẹ bá fi hàn pé òun kọ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun wọlé láìsí omi kankan nínú. Tí wọ́n bá kàn rọ omi gba ẹnu rédíétọ̀ tí wọ́n sì dé e, rédíétọ̀ á kún, àmọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà á ṣófo lápá kan. Ibi tó ṣófo yẹn ló ń jó. Àmì rẹ̀ ni pé géèjì á gòkè lójijì, á tún já wálẹ̀, hítà á máa fẹ́ atẹ́gùn tútù, ẹ ó sì máa gbọ́ omi tó ń dún gúlúgúlú lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà kan tó yá láti mọ̀ ọ́n: ẹ wọn iye tí ẹ rọ. Camry 2.4 máa ń gba bíi lítà 6. Tó bá jẹ́ lítà 4 péré ló wọlé, lítà 2 yòókù afẹ́fẹ́ ni.

Bí ẹ ṣe máa tú u nìyí. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè, tàbí kí ẹ wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju ibi yòókù lọ. Ẹ ṣí hítà dé ibi tó gbóná jù. Ẹ rọra máa rọ kúláǹtì, kí ẹ máa fọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fún wàrà. Nígbà tí kò bá gbà mọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìdé ọmọrí, kó ṣiṣẹ́ lójú kan. Omi á máa ru, á máa tu afẹ́fẹ́, ẹ ó sì máa rọ sí i. Ẹ dúró títí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ fi máa gbóná, tí fáànù á sì tan tó sì kú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó dé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ tún wo ìwọ̀n omi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó máa dín.

Honda, Peugeot àti BMW kan ní bólùtì kékeré tí wọ́n ṣe nítorí afẹ́fẹ́ yìí nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tẹ́mọ́sítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń tì í) tàbí lórí rédíétọ̀. Ẹ tú u títí omi tí kò ní ìfòfó fi máa jáde, kí ẹ tó dì í.

Ṣé omi lásán kò tó ni? Èkó kò kúkú ní yìnyín.

Yìnyín nìkan kọ́ ni kúláǹtì wà fún. Ó ń dènà ìpáàrà, ó ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, ó sì ń fi òróró díẹ̀ sí èdídí pọ́ǹpù omi. Omi lásán nínú ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ojú ihò tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi omi nìkan wà. Ẹ ó rí i bó ṣe jẹ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Omi kànga ẹ̀rọ wa gan-an tún burú. Lápá Lẹ́kkí àti Àjà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní iyọ̀; níbòmíì ó pupa fún irin. Ẹ ra kúláǹtì tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ fi omi bátìrì (distilled water) po ògidì rẹ̀ ní ìdajì sí ìdajì. Tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sórí lójú ọ̀nà, pure water sàn ju omi kànga lọ. Ti Toyota pupa rẹ́súrẹ́sú, ti Honda jẹ́ búlúù, àmọ́ ẹ má fi àwọ̀ nìkan ra kúláǹtì, nítorí kò sí òfin tó de àwọn tó ń pò ó nípa àwọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike.

Wọ́n ní kí n yọ tẹ́mọ́sítáàtì dànù, pé ìlú wa gbóná. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ẹ má yọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹ máa mú kúrò níbí, ẹ mú èyí.

Lára ọ̀pọ̀ Toyota, bíi Camry 2.4 àti Corolla 1.8, iṣẹ́ méjì ni tẹ́mọ́sítáàtì ń ṣe. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó ń ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa, omi á sì máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kan yípo inú ẹ́ńjìnnì kó lè tètè gbóná. Nígbà tó bá dé bíi 82°C, ó máa ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ìdí rẹ̀ á sì ti ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn pa. Ẹ ti rí i báyìí: ẹni tó bá yọ ọ́ ti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú sílẹ̀ gbayawu. Omi gbígbóná á máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ rárá. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì, ọkọ̀ yẹn lè gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ewu kejì kì í hàn lójú. Lójú títì tó dán lálẹ́, omi á tutù jù, bréènbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) á rò pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, á máa da epo púpọ̀ sí i. Epo á máa tán kíákíá, pílọ́ọ̀gì á dúdú, epo tí kò jó á sì máa wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Èmi fúnra mi fi ọkọ̀ kan rìn bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà nítorí mo gba mẹkáníìkì kan gbọ́. Owó epo tí mo fi ṣòfò lé ní ìlọ́po-ìlọ́po iye tẹ́mọ́sítáàtì tuntun.

Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, abala tó ní sípíríǹgì ló ń kọjú sínú ẹ́ńjìnnì, ihò kékeré tó ní irin jíjó lára á sì wà lókè kí afẹ́fẹ́ lè gbà á jáde. Ẹ dán an wò kí ẹ tó fi sí i: ẹ sè é nínú ìkòkò omi. Kó tó di pé omi hó, ó ti gbọ́dọ̀ là.

Ríwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) ti so fáànù mi ní dáréètì, ó ń tan bí mo bá ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Ṣé kò burú?

Ó máa gbé yín délé lónìí. Tó bá di pé ẹ ń bá a rìn lójoojúmọ́, ó burú. Mọ́tò fáànù tí kì í sinmi máa ń tètè kú, wáyà tí kò nípọn tó á yọ́, ọlọ́tanétọ̀ (alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún ọkọ̀) á sì máa ṣe iṣẹ́ àṣekún. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ó ń bo àrùn mọ́lẹ̀. Fáànù tí kò tan fúnra rẹ̀ ń sọ nǹkan kan fún yín: fíúùsì ti jó, ríléè ti kú, sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́, tàbí wáyà tí wọ́n gbàgbé láti so padà nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì wọlé.

Ẹ wá a bẹ́ẹ̀. Ẹ tan AC. Fáànù kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ yí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tó bá yí, mọ́tò àti wáyà rẹ̀ dáa, ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ lọ. Tí kò bá yí, ẹ fi wáyà méjì láti bátìrì kan ẹnu mọ́tò fúnra rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, tí ẹ bá yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ ooru kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, fáànù á tan fúnra rẹ̀, nítorí bréènbọ́ọ̀sì kò fẹ́ fi ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì wewu nígbà tí kò ríran mọ́. Tó bá tan, ríléè àti fíúùsì wà lálàáfíà.

Fáànù ń yí dáadáa, ọkọ̀ ṣì ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ẹ wo ibi tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó gbọ́dọ̀ fa atẹ́gùn láti iwájú wá sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Tí ríwáyà bá fi wáyà pọ́sítíìfù sí ipò nẹ́gẹ́tíìfù, á máa fẹ́ ẹ síwájú, á sì máa bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Ẹ gbé ìwé kan síwájú kọ̀ńdẹ́ńsà (ti AC, tó wà níwájú rédíétọ̀): ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ń fò dànù, ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì síra wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ike tó yí fáànù ká. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń jù ú nù tí ẹ́ńjìnnì tuntun bá fún mọ́ àyè. Láìsí i, àárín rédíétọ̀ nìkan ni fáànù ń fa atẹ́gùn gbà.

Tèmi kì í gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìgbà tí mo bá sáré lójú Ìkòròdú ló ń gòkè. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?

Ìyàtọ̀ ńlá ni, inú mi sì máa ń dùn tí èèyàn bá ti ṣàkíyèsí rẹ̀ kó tó bi mí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó, fáànù kò níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Nítorí náà, tó bá ń gbóná lórí eré, omi ni kì í rìn tó: rédíétọ̀ ti dí, tẹ́mọ́sítáàtì kò là tán, apá pọ́ǹpù omi ti jẹ, tàbí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀. Tó bá jẹ́ lójú kan ló ti ń gbóná, atẹ́gùn ni ẹ máa lé.

Ṣé kí n fọ rédíétọ̀ àtijọ́ ni, àbí kí n ra òmíràn?

Èyí tó jẹ́ bàbà ṣe é fọ̀, àwọn oníṣẹ́ rédíétọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, tí wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbá inú rẹ̀, tí wọ́n á sì jó o padà. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù pẹ̀lú orí ike kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ irú iṣẹ́ yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́ bá ti kún fún ìpáàrà, ẹ ra òmíràn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, ẹ pa á, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò kí fáànù má baà gé yín lọ́wọ́, kí ẹ sì rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ojú rédíétọ̀ láti apá kan dé èkejì. Ibi tó bá tutù lójijì láàárín ibi gbígbóná ti dí. Ẹ̀yin tó sì fi V6 (ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà) sí ọkọ̀ tó ti ń lo sìlíńdà mẹ́rin tẹ́lẹ̀, rédíétọ̀ àtijọ́ lè má tó o rárá bó ti wù kó mọ́ tó.

Kí ni iṣẹ́ ọmọrí rédíétọ̀ gan-an?

Ó ń di présọ̀ mú. Lára Toyota, ẹ máa rí 0.9 tàbí 1.1 lórí rẹ̀, ìyẹn iye présọ̀ tó lè dì mú. Pẹ̀lú 1.1, omi tó yẹ kó hó ní 100°C kò ní hó títí di bíi 120°C. Ọmọrí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ á jẹ́ kó hó ṣáájú àkókò. Kò wọ́n. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Họ́ọ̀sì kan le bí igi, òmíràn ń fún pọ̀. Èwo ni kí n bẹ̀rù?

Họ́ọ̀sì tó le nígbà tí ọkọ̀ ti gbóná kì í ṣe ìṣòro, présọ̀ ni. Èyí tó bá le láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tí ẹ tan ọkọ̀ tútù ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí omi kò tíì gbóná tó láti tẹ̀ ẹ́. Èéfín inú sìlíńdà ló ń wọ inú omi. Ẹ lọ sí ìbéèrè tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì.

Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó ń fún pọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹná mọ́ ọn, ó ti rọ̀ jù, tàbí sípíríǹgì inú rẹ̀ ti jẹ tán, tàbí rédíétọ̀ ti dí tó bẹ́ẹ̀ tí pọ́ǹpù fi ń fa òfo. Tí òun bá fún pọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti tutù mọ́jú, ọmọrí ni kò jẹ́ kí omi padà láti inú ike ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì hítà náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní Èkó máa ń gé e, wọ́n á fi bólùtì dí i lẹ́nu. Ẹ má gbà. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ojú ọ̀nà omi ni. Tí hítà bá ń jò, ẹ fi họ́ọ̀sì kan so ẹnu méjèèjì pọ̀, kí omi ṣì máa yípo.

Ṣé pọ́ǹpù omi lè máa yí sẹ́yìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti rí i. Tí bẹ́líìtì gígùn kan bá ń yí gbogbo nǹkan, tí wọ́n sì gbé e gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó lè yí pọ́ǹpù sódìkejì. Kò ní jò, kò ní pariwo, omi kàn kò ní rìn dáadáa ni. Ẹ wá àwòrán ọ̀nà bẹ́líìtì náà, ó sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ fi ti ẹ́ńjìnnì tuntun wé e, kì í ṣe ti àtijọ́. Kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì wọlé gan-an ló yẹ kí ẹ tú pọ́ǹpù wò, nítorí ó rọrùn jù nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Apá tí ìpáàrà ti jẹ kì í ti omi.

Skánà ní 90°C, géèjì ní ọkọ̀ ń jó. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ gba skánà gbọ́, àmọ́ ẹ wádìí rẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà: ọ̀kan ń bá bréènbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, èkejì ń bá géèjì sọ̀rọ̀. Tí sẹ́ńsọ̀ géèjì tó bá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wá kò bá bá géèjì ọkọ̀ yín mu, irọ́ ni géèjì á máa pa. Ẹ yọ ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ẹ fi sára tuntun. Nítorí èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta irin ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kí ọkọ̀ yín tó rìn fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Tí ẹ bá ní mítà, sẹ́ńsọ̀ bréènbọ́ọ̀sì Toyota máa ń wà láàárín 2 sí 3 kilohm ní 20°C, á sì já wálẹ̀ sí 200 sí 400 ohm ní 80°C. Èyí tó bá jìnnà sí i ti bàjẹ́. Ẹ tún rántí pé tí omi bá ti tán, sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú òfo kò ní rí ooru; géèjì lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń kú lọ. Géèjì tó bá gòkè tó sì já lójijì, ẹ pa ọkọ̀.

Mo rí nǹkan bí ẹ̀kọ mímu nínú rédíétọ̀. Ṣé tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni?

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dá ẹjọ́. Tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì gíà. Lára ọkọ̀ aláìfọwọ́yígíà, ọ́ìlì gíà ń gba inú rédíétọ̀ kọjá láti tutù. Tí ọ̀pá inú rẹ̀ bá jẹ, méjèèjì á pò. Ẹ má tan ọkọ̀ náà mọ́ rárá, omi máa ba gíà jẹ́ kíákíá. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, tí irú rẹ̀ sì wà lára ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì ti wọlé.

Omi ń dín lójoojúmọ́, kò sì sí ibi tó ń jò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán sọ ọ́ fún yín. Omi búlúù kan wà tí wọ́n ń fi ṣe àyẹ̀wò: wọ́n á gbé ìgò rẹ̀ lé ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ gba inú rẹ̀. Tó bá di yẹ́lò, èéfín sìlíńdà ti wọ inú omi. Èyí ni kí ẹ ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti tan, kí àkókò tí olùtà fún yín tó kọjá.

Tí ẹ kò bá rí i, ẹ wo àwọn àmì yìí pọ̀: ìfòfó tí kò dáwọ́ dúró nínú rédíétọ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti tán, èéfín funfun tí kì í lọ bí ọkọ̀ tilẹ̀ ti gbóná, ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n ní òwúrọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dúró, àti pílọ́ọ̀gì kan tó mọ́ ju àwọn yòókù lọ nítorí oru ti fọ̀ ọ́. Àmì kan ṣoṣo kò tó. Àti pé ẹ má da oògùn ìdíhò sí i. Ó máa dí ihò hítà àti rédíétọ̀ kó tó dí ti gáskẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ti pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì Camry 2.4 mi lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ti jò. Kí ló dé?

Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE (ti Camry 2.4 yín) tó jáde ṣáájú 2007 ní àrùn kan tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Eyín inú ihò bólùtì tó di tọ́ọ̀pù sìlíńdà mú máa ń fà jáde kúrò lára alumíníọ̀mù, pàápàá ti ẹ̀yìn, lápá tó kọjú sí inú ọkọ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì kò lẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù: ẹ ó rí ipa kúláǹtì tó gbẹ. Tí bólùtì kan bá kàn ń yí láìfún nígbà tí wọ́n ń dì í, òun náà nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n lu ihò náà, kí wọ́n fi eyín irin tuntun sí i. Tí ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Fún tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé irin títọ́ lé e lórí kí wọ́n wọn bó ṣe tẹ̀ sí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, kò gbọ́dọ̀ ju 0.05 mm lọ, ojú lásán kò lè rí i. Kí wọ́n lo sípánà tó ń wọn agbára, kí wọ́n dì í láti àárín síta gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ́ńjìnnì náà. Ẹni tó bá ní ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹlòmíì.

Mo ti pààrọ̀ ohun gbogbo. Kò sí èéfín nínú omi, fáànù dáa, rédíétọ̀ tuntun ni. Ó ṣì ń gbóná.

Ẹ kúrò lọ́dọ̀ omi. Ẹ wá ohun tó ń dá ooru sílẹ̀ jù. Táímìnì (ìgbà tí iná pílọ́ọ̀gì ń tàn) tó bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ máa ń gbóná ẹ́ńjìnnì, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìpààrọ̀ nígbà tí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì táímìnì bá fò eyín kan. Sàìlẹ́ńsà tó dí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ á wúwo, kò ní lè gun afárá dáadáa. Bíréèkì tó há ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ àṣekún. Lẹ́yìn ìrìn kúkúrú, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ojú wíìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà rí, ẹ bi wọ́n bóyá gáskẹ́ẹ̀tì yẹn bá ẹ́ńjìnnì mu gan-an àti bóyá ojú tó yẹ ni wọ́n fi lélẹ̀. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tó bá dorí kodò, ó máa dí ihò omi, kò sì ní jò síta rárá. Ẹ fi àwòrán gáskẹ́ẹ̀tì tuntun wé ihò búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tún dé e.